Ìnira Tó Tayọ

Hobart, oṣù keje, yìnyín funfun lórí òkè.
Èmi ni akọ̀wé tó ń tẹ ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ ní kóòtù.
N kì í tẹ ìmí ẹ̀dùn. Kò ní lẹ́tà.

Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn: Corwin Tasker,
ẹni tó kó owó ẹgbẹ́ panápaná abúlé rẹ̀ jẹ,
níbi tí oko ápù ti yí ilé ká,
ọ̀kẹ́ méjì dọ́là, díẹ̀díẹ̀, bí eku ṣe ń lu àpò.
Nígbà tí iná mú ilé Pargeter,
omi ò jáde lẹ́nu rọ́bà.
Ẹ má gbàgbé ìyẹn. Èmi ò gbàgbé.
Ọdún mẹ́ta ni wọ́n dá fún un.

Agbẹjọ́rò rẹ̀ dìde,
ó fi ọ̀rọ̀ gbé ọmọ tí kò sí níbẹ̀ wọlé:
Elowen, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun,
kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì.
Ìyá rẹ̀ ti kú. Baba ló ń yí i,
ẹ̀ẹ̀mẹta lóru, kí egbò má baà jẹ ẹ́ lára.
Ní báyìí, ìyá àgbà ni, Hesper,
ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, irin ni ìbàdí rẹ̀ kan.

Agbẹjọ́rò ìjọba ò jiyàn. Ó kàn ní:
"Kò sí ẹni tí a tì mọ́lé tí kò ní ẹni tó ń sunkún dè é.
Ìnira tó tayọ ti gbogbo ayé ni òfin ń béèrè."
Mo tẹ ẹ́. Tayọ.
Òṣùwọ̀n wo la fi ń wọ̀n ọ́n?
Ìka kan ló tọ́ epo,
epo sì ti dé ara ọmọ tí kò lè nu ún nù.

Adájọ́ méjì gbà, ẹnìkan kọ̀.
Wọ́n yọ oṣù mẹ́jọ.
Tasker ò gbójú sókè.
Arábìnrin Pargeter jáde; kò ti ilẹ̀kùn gbàgà,
ó rọra tì í ni,
ìyẹn ló dùn mí jù.

Lọ́ọ̀dẹ̀, Hesper di ife tíì tútù mú.
"Oṣù mẹ́jọ, òru mélòó ni?"
Mo ní ó lé díẹ̀ ní òjìlénígba.
Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta.
Kò sọ iye tó bá níbẹ̀ fún mi.
Ó de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ títí dé ọrùn,
ó ní òun fẹ́ bá bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin,
ọmọ aládùúgbò ló ń ṣọ́ ilé.