Ẹsẹ̀ Kan Lórí Kẹ̀kẹ́

Àkùkọ kò tíì kọ ẹ̀ẹ̀kejì
tá a ti dé ẹnu Àkabà Ìdènà,
ọmọbìnrin mẹ́fà, ẹsẹ̀ lásán,
ọyẹ́ ń bù wá jẹ lójúgun.
Laléyè Fídẹ́lì, olùkọ́ katikísìmù wa,
ti wà níbẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́,
ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí pẹ́dàlì,
tòsì rọ̀ dirodiro bí aṣọ tí a sá tí kò gbẹ.
Àìsàn ọmọdé ló gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.
Ọkùnrin tí kò sáré rí láyé
ló kọ́ wa ní eré sísá.

“Ẹ má tíì sáré. Ẹ kọ́kọ́ mí.”
A ó mí.
A ó wá yí yàrà àtijọ́ ká,
níbi tí odi àwọn baba wa ti di òkìtì tí ewúrẹ́ ń gùn,
ilẹ̀ pupa Kétu á lẹ̀ mọ́ wa ní gìgísẹ̀,
òun lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń han kín-ín, kín-ín,
Rosari ní ọwọ́ tí kò fi di kẹ̀kẹ́ mú.
Ìyípo kan, ìlẹ̀kẹ̀ kan:
bẹ́ẹ̀ la rò.

Kì í jẹ́ ká bojú wẹ̀yìn.
Ó ní ẹni tó ń wẹ̀yìn, eré ẹlòmíì ló ń sá.

Lọ́jọ́ kan mo gba ẹ̀bùrú.
Mo la oko gbágùúdá Ìyá Bọ́sẹ̀dé já,
mo sì yọ síwájú àwọn ẹgbẹ́ mi,
òógùn díẹ̀, ẹ̀rín púpọ̀.
Kò nà mí. Kò fi sùn lọ́dọ̀ Fadá.
Ó kàn ní, “Odílì, ọ̀nà ti kúrú,
èémí rẹ náà sì ti kúrú.”

Ní Pọbẹ̀, lọ́jọ́ ìdíje,
ó ku bí ogún ìṣísẹ̀ ká dé okùn
ni àyà mi rántí oko gbágùúdá.
Ẹni kẹta gba bọ́kẹ́ẹ̀tì.
Èmi tí mo ṣe kẹrin, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́.

Kó tó kú mo bẹ̀ ẹ́ wò.
Mo ní, “Olùkọ́, ìyípo mélòó la sá lápapọ̀,
ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kà á?”
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
“Ta ló ní mo ń ka ìyípo?
Èmi tí mo kú ní ìṣirò!
Orúkọ yín ni mò ń pè.”

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí.
Kò sí ẹni tí yóò fún mi ní bọ́kẹ́ẹ̀tì
nítorí mo jí ní aago márùn-ún.
Ẹnu mi wúwo, ibùsùn ń fà mí láṣọ,
àwọn òwúrọ̀ kan, mo ṣì ń gba oko gbágùúdá:
mo ní Baba wa, mo ti bọ́ sí Àmín.
Ojú á tì mí.
Mo máa ń padà. Mo máa ń tún un bẹ̀rẹ̀
láti ẹnu Ìdènà.
Mo máa ń kọ́kọ́ mí.

Bí mo bá sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù,
orúnkún mi á han kín-ín, kín-ín,
bí ẹni pé kẹ̀kẹ́ kan ń tẹ̀ lé mi bọ̀ nínú òkùnkùn.
N kì í wẹ̀yìn.