Níwájú Ìlà Pupa

Bàálù kì í balẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.
Pápá ilé ìwé Onítẹ̀bọmi lẹ́bàá Òkè-Elérin
ni Bàbá Gbádégẹṣin fi ẹfun fà,
ìlà funfun gbọọrọ, láti ìdí igi máńgòrò
títí dé ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́.
"Ojú ọ̀nà bàálù rèé," ni wọ́n wí.
Wọ́n wá fi ọ̀dà pupa fa kékeré kan dábùú etí rẹ̀:
"Èyí, ẹnu ọ̀nà ọ̀run ni. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ láìgbàṣẹ."

Àwa mẹ́fà la fẹ́ lọ wa ọkọ̀ ní pápákọ̀ Ìlọrin:
Oyètádé tó ń wa ọkọ̀ omi,
Mopélọ́lá, ọmọ onítáyà Tákìé,
àti èmi, Àjàmú onítípà,
ọdún mẹ́tàdínlógún lórí títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́.
Fèrè ni mo fi ń jẹun.
Mo fọn ọ́n sí tírélà, mo fọn ọ́n sí ọlọ́kadà,
mo fọn ọ́n sí òkú tí wọ́n ń gbé lọ sin.
Bàbá ní, "Bàálù ò gbọ́ fèrè, Àjàmú.
Kò létí. Bó bá ti ń sáré bọ̀, kò lè yà fún ọ.
Ìwọ lo ní bíréèkì. Ìwọ ni kí o dúró."

Ọmọlanke Olúọlá ni bàálù wa.
Ó ń tì í bọ̀ nínú ọyẹ́, ó ń fẹnu dún hùn-ùn-ùn,
aṣọ ibùsùn ìyá rẹ̀ bo ẹrù inú rẹ̀.
Agolo mílíìkì méjì ni rédíò.
Mopélọ́lá gun àga lábẹ́ máńgòrò, òun ni ilé ìṣọ́.
Ohun tó bá wí, o gbọ́dọ̀ wí i padà,
bí ọmọdé tó ń kọ́ Sáàmù,
ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀:
"Ọkọ̀ kẹta, dúró níwájú ìlà pupa."
"Ọkọ̀ kẹta, mo dúró níwájú ìlà pupa."
"Ó ti yé mi" kò tó.
"Ó ti yé mi" ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn,
wọn kì í kọ ọ́ sórí sàréè ni.

Ó kàn mí. Mo wa Písò Bàbá tí kò ní gíláàsì
dé etí ìlà. Mo wòtún, mo wòsì.
Ewúrẹ́ kan. Eruku. Kò sí nǹkan.
Agolo ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ojú mi ti ríran,
kí ni mo tún fẹ́ fetí ṣe?
Mo fún un níná.

Gbàù! Láti ẹ̀yìn ògiri,
ọmọlanke ti wọ ẹ̀gbẹ́ Písò.
"O wò, kò sí," ni Bàbá wí. "O ṣẹ́jú, ó dé."
Wọn ò pariwo. Wọ́n ká aṣọ náà kúrò:
kóró kajú ni, kò tilẹ̀ kún garawa.
"Kà wọ́n."
Mo rò pé eré ni.
"Kà wọ́n, Àjàmú. Kí o kí ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́."

Mo jókòó sórí ẹfun, mo ń kà.
Ní ogún, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín.
Ní ọgọ́ta, àwọn yòókù ti lọ mu gààrí.
Kóró kan kéré ju ìyókù lọ. Mo ní, ọmọ ọwọ́ nìyí.
Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọwọ́ mi ò yá mọ́.
Ó di méjìlélógóje.
Bàbá ní, "Bàálù kékeré nìyẹn."

Mo bi wọ́n léèrè ìka wọn méjì tí kò sí.
Wọ́n ní, "Kùrukùru ni, lálẹ́ ọjọ́ kan.
Mo wòtún, mo wòsì."
Wọn ò parí rẹ̀. Wọ́n gbé ẹfun, wọ́n lọ tún ìlà fà
níbi tí táyà mi ti pa á rẹ́.

Nílé, Oyèbọ́lá ń yan kajú.
Ó rí ọ̀kan lọ́wọ́ mi: "Mú un wá, kí n fi kún un."
Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé?
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná,
ẹsẹ̀ mi ò kọjá ìloro.
Mo ní, "Oyèbọ́lá, ṣé kí n wọlé?"
Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Wọlé."
"O ní kí n wọlé," ni mo wí.
"Mo ń wọlé."