Èmi Ni Mo Mọ Ògiri Náà

Ọdún tí a bí Ìyùnadé ni mo mọ ògiri yẹn.
Ẹ wò ó, láti ẹnu géètì títí dé ìdí káṣú mẹ́ta,
búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́sàn-án, ìlà mọ́kànlá sókè,
kí ọmọkùnrin àdúgbò má baà fò wọlé,
kí ewúrẹ́ Àpákẹ́ má baà jẹ òdòdó pírínsípà.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ló kù tí wọn ò san fún mi dòní.
Mo ní kò burú,
ọmọ mi á wá gbà á.

Ọmọ ọ̀hún ti pé mọ́kànlá báyìí.
Ìyá rẹ̀ ra fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù ń béèrè iṣẹ́ bàbá.
Mo ní kó kọ bíríkìlà.
Ó wò mí, ó ti bíírò há eyín,
ó kọ agbaṣẹ́ṣe.
N ò bá a jà.

Láti oṣù kejì ni lẹ́sìnnì ti bẹ̀rẹ̀.
Agogo márùn-ún ìdájí, NẸ́PÀ ti mú iná lọ,
ọmọ á gbé tọ́ọ̀ṣì sórí àga,
á máa pín ìdá mẹ́ta nínú ìdá márùn-ún ọsàn
fún àwọn ọmọ tí a ò mọ̀ rí, tí ebi ò pa.
Ìyá rẹ̀ á ní, "Wá jẹ ẹ̀kọ rẹ kó tó tutù."
Á ní, "Ó ku ìkan, Màámi."
Ó ku ìkan, ó ku ìkan,
ohun tó ń jí wa nílé nìyẹn,
àkùkọ ò rí iṣẹ́ ṣe mọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹgbẹ̀rin ọmọ, ọgọ́fà àga.
Ọkọ̀ tò kọjá ilé epo.
Àwa òbí sá sábẹ́ òjìji ògiri mi:
ìyá kan láti Ìkòyí-Ilé ń ka Sáàmù lábẹ́ ahọ́n,
bàbá kan ń fa tẹ̀sùbáà, ó ń ṣi í kà, ó ń tún un kà.
Ọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán bi mí léèrè,
"Ta lẹ mọ̀ nínú ọgbà yìí?"

Mo fọwọ́ ba búlọ́ọ̀kù.
Mo mọ ògiri. Mo mọ èèyàn.
Ohùn kan náà ni létí,
ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ló wà nínú ọ̀kan,
nọ́ńbà fóònù ló wà nínú èkejì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ìyá rẹ̀ gbé owó èésú jáde,
ó ti dì í sínú gèlè dúdú.
Ó ní ẹnìkan wà ní Òkè Àdó tó ń bá wọn sọ ọ́.
Mo ní kó dá a padà.
A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.
Bóyá mo jẹ̀bi.
Bàbá tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, tí ọmọ rẹ̀ dúró níta,
kí ló fẹ́ fi ọwọ́ mímọ́ bọ̀?

Lísìtì jáde lọ́jọ́ Ẹtì.
Ara ògiri mi ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́,
ibi tí mo rẹ́ tó jọ̀lọ̀ jù.
Ìwé mẹ́rin. Mo kà á, mo tún un kà, ojú mi ń ṣe bàìbàì.
Ìyùnadé ló fìka tọ́ ọ, nísàlẹ̀ ìwé kẹrin,
lábẹ́ "Àwọn Tí Ń Retí Àyè":
nọ́ńbà keje.
Ó ní, "Bàámi, mẹ́fà péré ló wà níwájú mi."
Bó ṣe ń sọ "ó ku ìkan" ló ṣe sọ ọ́.

Mo gbójú kúrò lójú rẹ̀ kó má baà rí tèmi.
Ìgbà náà ni mo rí i: lábẹ́ lísìtì,
ògiri ti lanu, ó tó ìbú ìka méjì.
Aláǹgbá kan mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé,
kò mú fọ́ọ̀mù dání,
ẹnikẹ́ni ò bi í pé ta ló mọ̀.

Bọ́sà yọjú ní géètì, ó dá mi mọ̀,
ó ní kí n wá bá wọn dí i lọ́jọ́ Ajé.

N ò tíì dá a lóhùn.