Láti Òpó Iná Dé Ìdí Kaṣú

Èmi kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eré mọ́tò.
Ẹnu mi ni mo fi ń kà á,
láti òpó iná tó dẹ̀gbẹ́ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù wa ní Gàá Akánbí
títí dé ìdí kaṣú ìyá Ràmátù:
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.
Bí mọ́tò bá kọjá kí n tó pe àrún,
Sáádù ọmọṣẹ́ mi á pàtẹ́wọ́.

Jíìpù funfun Àláàjì Kàwú kò jẹ́ kí n pe ẹ̀rin.
Píísítìn mẹ́jọ, epo bẹntiróòlù,
tọ́ọ̀nù irin méjì àti ààbọ̀
tó gbéra bí ẹni tí agbọ́n ta ní ìdí.
Ó gbá orí mi mọ́ àga.
Ẹyẹlé fò kúrò lórí páànù,
àwọn ọmọ kéú dákẹ́, wọ́n ń wò wá.
Ó dùn. N ò ní purọ́, ó dùn
bí ìgbà tí èèyàn kọ́kọ́ gba owó iṣẹ́.
Ṣùgbọ́n mo wo ojú epo,
abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sáré wálẹ̀
bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lọ́nà oko.

Dúdú ni ti Ọ̀gbẹ́ni Adéwárá. Dísù ló ń mu.
Píísítìn mẹ́fà péré,
ara rẹ̀ sì tún wúwo ju ti funfun lọ.
Bí o bá tẹ̀ ẹ́, yóò kọ́kọ́ rò ó.
Ení. Ó ṣì ń rò ó.
Èjì. Ó mí kanlẹ̀.
Ẹ̀ta. Tọ́bò bẹ̀rẹ̀ sí súfèé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì,
súfèé tẹ́ẹ́rẹ́, bí ọyẹ́ nínú ihò kọ́kọ́rọ́.
Mo pe ẹ̀fà, mo pe èje, kí a tó dé ìdí kaṣú.
Sáádù pòṣé: "Ọ̀gá, màlúù lèyí."
Mo ní kó gbé síkúrúdíráfà wá.
Mo fi ẹnu rẹ̀ kan irin, mo fi ìdí rẹ̀ kan etí,
bí ọ̀gá mi ti máa ń ṣe ní Ọ̀fà
nígbà tí mo ṣì ń fi kẹrosíìnì fọ nọ́ọ̀tì.
Inú rẹ̀ ń lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò sí èyí tó ń já ọ̀nà gbà mọ́ èkejì lọ́wọ́.

Lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ń rọ̀, fóònù dún.
Ọlátẹ́jú àbúrò mi ló ń pè láti Òró:
màmá ṣubú nídìí kànga,
ìgbáròkó rẹ̀ ti yẹ̀, kò ṣeé gbé sórí ọ̀kadà.
Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ń fì lórí ìṣó kan náà.
N ò bi ẹnikẹ́ni.
Ọ̀gbẹ́ni Adéwárá, bí ẹ bá ka èyí,
mo ti rọ dísù yín padà.
Funfun ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sí.
Mo rántí bó ṣe gbá orí mi.
Mo mú dúdú.

Nígbà tí à ń bọ̀, a tẹ́ màmá sẹ́yìn lórí tìmùtìmù,
àwa mẹ́rin ká a mọ́,
pẹ̀lú ewúrẹ́ tí a ó tà san owó ọsibítù.
Òkè tó ṣáájú Ajàṣẹ́ yọ sí wa nínú òkùnkùn.
Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó rò ó. Ó súfèé.
Ó wá ń gùn ún bí ẹni tó pọn ọmọ tó ń sùn,
kò ta, kò já, ewúrẹ́ pàápàá kò yẹsẹ̀.
Bóyá funfun ìbá ti gbé wa dé Ìlọrin kí òjò tó dá.
N kò mọ̀. N kò kà á.

A ti kọjá Ìdọ̀fìán, iná ìlú ti ń tàn lókèèrè,
kí màmá tó la ojú, tó ní:
"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta lẹ tún ń dúró dè?
Ṣé a ò ní í gbéra ni?"