A Ò Gbà Yín Láyè

Ìgbà kẹrin rèé tí Bàbá Láyínká gun àtẹ̀gùn wa ní Dùgbẹ̀,
ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì.
Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní,
"Ọmọ mi, ẹ̀rọ yín tún ní n ò sí láàyè."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ju àsíá sí ọkọ̀ ojú irin
ní ibùdókọ̀ tí mo ń wò láti fèrèsé yìí.
Ó mọ ìyàtọ̀ láàrin dúró àti máa bọ̀.
Ní báyìí, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ní kí kálukú ya fọ́tò,
kó gbé ìwé ìròyìn ọjọ́ náà sáyà bí ẹni gbọ́mọ tuntun,
kó fi ránṣẹ́ sí ìkànnì tí èmi ń tọ́jú.
Oṣù ku ọjọ́ méjì.

Mo tẹ̀ ẹ́. Òbíríkítí kékeré ń yí, ó ń yí,
ó kù díẹ̀ kó dé, ó dákú.
Irinwó ó lé mẹ́tàlá ló kọ síta: ẹrù yìí tóbi jù.
Múfútáù ní ká dín fọ́tò náà kù.
Mo ní déètì ara ìwé ìròyìn ò ní ṣeé kà mọ́;
àti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ta ló tún fẹ́ dín in kù?

Mo ṣí ìwé àṣẹ sáfà. Mẹ́gábáìtì méjì ló wà níbẹ̀.
Mo sọ ọ́ di mẹ́wàá, mo pa á, mo tún un tàn.
Ó tún kọ̀.
Àṣé ẹnubodè méjì ni ẹrù ń gbà kọjá,
oníbodè ìta ní òṣùwọ̀n tirẹ̀,
kò sì bá ti inú sọ̀rọ̀ rí.
Mo bẹ ti ìta náà.

Iná lọ. Bátìrì ń ké bí òròmọdìyẹ tó ṣìnà.
Múfútáù sáré lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀.
Bàbá ò mira. Ó ti dúró de ọkọ̀ tó pẹ́ ju èyí lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lásán, bí akọ̀wé ìjọba
tó dáni lóhùn láì gbójú sókè.

Mo lọ ka àkọsílẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ráhùn fún ara rẹ̀ lóru,
ìlà tẹ̀lé ìlà bí ìjàlọ:
a ò gbà yín láyè, a ò gbà yín láyè, a ò gbà yín láyè.
Kì í ṣe Bàbá Láyínká nìkan.
Tíṣà kan ní Ẹlẹ́yẹlé, aago mẹ́ta òru, ìgbà mẹ́jọ.
Ẹnì kan ní Mọ́níyà tí kò tún gbìyànjú mọ́ láti ọjọ́ Àìkú.

Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì;
fódà yìí kọ́ ìwà ìlú.
Mo wo orúkọ ẹni tó ni ín: alágbára gbogbo, ọ̀gá àwọn ọ̀gá.
Ọmọ iṣẹ́ tó ń gba fáìlì lẹ́nu ọ̀nà
kàn lè yọjú wo inú ni, kò lè gbé nǹkan kan kalẹ̀.
Ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀? Mo wo ọjọ́.
Jímọ̀ tó kọjá, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.

Èmi ni.
Òjò ti ṣú lójú Agodi, mo ń sáré àtirelé,
mo fi agbára ọ̀gá kó fódà lọ síbòmíì,
mi ò dá a padà fún olóhun.

Ìlà kan péré ló tún un ṣe.
Òbíríkítí yí, ó dúró, ó gbà á.

"Kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀?"
"Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo tilẹ̀kùn, tí mo gbàgbé pé mo tì í."
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní lọ́dún kan
òun gbàgbé àsíá pupa síta lọ jẹun,
ọkọ̀ Òṣogbo dúró ní wákàtí kan gbáko,
gbogbo èrò ń bú awakọ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.
Ó ku ẹni Mọ́níyà.
Mo wá nọ́ńbà rẹ̀, mo pè é.
Ó ń dún.