Ilẹ̀ Aláró

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Òjò ń rọ̀ sórí Hollinroyd
bí ẹni tí kò níbòmíràn láti lọ.
Èmi ni akọ̀wé ìpàdé. Iṣẹ́ mi kò ju kí n kọ ọ́ sílẹ̀:
ta ló dìde, kí ló wí, ìgbà wo ló jókòó.
Wọn kò sanwó fún mi láti mí kanlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì lórí ìwé: ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ aláró Ormeroyd,
hẹ́kítà méjì àti díẹ̀ láàrin odò àti ojú irin,
tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.
Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ihò àyẹ̀wò níbẹ̀ lóṣù Ẹrẹ́nà,
òkè ilẹ̀ dúdú, àárín rẹ̀ pupa bí ẹ̀dọ̀,
ìsàlẹ̀ pátápátá, búlúù.
Ilẹ̀ ti mu aró yó. Kò tíì bì í.

Òfin ìlú ní: ilẹ̀ tí a ti lò rí ni kí ẹ kọ́kọ́ lò,
kí pápá tí àgùntàn ń jẹ̀ lókè lè wà bó ṣe wà.
Òfin tún ní: àádọ́rin ilé lórí hẹ́kítà kan, ó kéré tán,
nítorí ibùdókọ̀ ojú irin kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ.
Lójú ìwé, ó dùn. Lójú ìwé, gbogbo igi ti hù.

Ọ̀gbẹ́ni Thackray dìde. Kì í ṣe pé òun kórìíra ilé o,
ilé kọ́ lòun ń bá jà, gíga rẹ̀ ni.
Alájà mẹ́fà! Ta ni yóò dá oòrùn ìrọ̀lẹ́ padà fún tòmátì òun?
Níbo ni wọn yóò gbé ọkọ̀ sí?
Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn: "Ẹ lọ kọ́ ọ síbòmíràn!"
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ "ibòmíràn" sílẹ̀,
n ò tíì rí i lórí máàpù.

Wọ́n ní yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́.
Wọn kò sọ ibi tí ogún ọ̀rẹ́ yóò gbé garawa ìdọ̀tí wọn sí.

Ìgbà náà ni Winifred Hoyle dìde,
ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ẹni tó ti kọ lẹ́tà àtakò mẹ́ta.
Ó ní: "Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà tí mo wọ ibẹ̀.
Àwọ̀ tí a bá rẹ lọ́jọ́ kan lodò máa ń gbé kọjá.
Ọjọ́ Ajé, pupa. Ọjọ́rú, bí ewé.
Ìyá mi a wo omi, a mọ ọjọ́ tí a wà.
Edna tí a jọ ń ro aró kò dàgbà.
Ẹ wẹ ilẹ̀ yẹn. Ẹ má fi iyanrìn bò ó lójú."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó nu awò ojú rẹ̀.
"Ọmọ ọmọ mi Bethan ń sùn lórí àga pálọ̀ mi,
òun àti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án.
Nọ́ńbà irínwó ó lé méjìlá ló wà lórí ìwé àwọn tó ń retí ilé.
Lánàá ni ọmọ náà kọ́kọ́ dìde dúró.
Tẹlifíṣọ̀n mi ló dì mú. Kò sí àyè fún un láti ṣubú."

Alága ní: "Ṣé ẹ ń fa àtakò yín sẹ́yìn ni, mà?"
"Mi ò fà á sẹ́yìn. Mo gbé e kalẹ̀ ni. Ó wúwo."

Méje gbà, márùn-ún kọ̀.
Alájà márùn-ún; kí a kó ilẹ̀ kúrò ní mítà méjì
kí ẹnikẹ́ni tó to búlọ́ọ̀kù kan.
Lórí fọ́ọ̀mù mi, kò sí àyè fún gbígbé kalẹ̀.
Mo kọ "a fà á sẹ́yìn". Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ.

Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo dúró lórí afárá,
mo ń wo omi lábẹ́ iná ojú pópó,
bí ẹni tó ń retí kí odò sọ ọjọ́ tí a wà.