Ohun tí Bàbá Olùpín-Lẹ́tà Sọ fún Akọ̀wé Ìjọba

Ẹ ní kí n ro ìtàn Puliyankarai kó gba ojú ìwé kan.
Ẹ jókòó. Ẹ má fẹ̀yìn ti ògiri yẹn, ẹfun rẹ̀ ṣì tutù.

Igi àjàgbọn la fi sọ ìlú lórúkọ, àjàgbọn etí adágún.
Mẹ́rìndínlógún ni bàbá mi bá láyé,
mẹ́ta ni èmi bá. Ọ̀kan ló kù,
òun náà rèé, wọ́n ti kan àwòrán olóṣèlú mọ́ ọn láyà.

Ọba kan ló gbẹ́ adágún. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta.
Àwọn alágbàfọ̀ rí i pé òkúta náà tẹ́jú,
wọ́n ń lu aṣọ lórí rẹ̀
títí orúkọ ọba fi bá omi ọṣẹ lọ.

Òyìnbó dé, ó fi ẹ̀wọ̀n irin wọn ilẹ̀ oko wa.
Ó bèèrè orúkọ ìlú, ó gbọ́ ọ lódì, ó kọ ọ́ lódì.
Àṣìkọ yẹn ló wà lára pátákó ibùdó reluwé títí dòní.
Ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo lóòjọ́, aago mẹ́rin ìdájí.
Tó bá pẹ́, Gnanamani onítíì a ní kò pẹ́,
àwa la kánjú jí.

Bàbá mi ló ń gbé lẹ́tà Rangoon wá fún Pechiammal.
Ogun dé Rangoon. Àwọn tó lọ fi ẹsẹ̀ la igbó padà wálé,
ọkọ rẹ̀ kò sí láàárín wọn,
ìròyìn ikú rẹ̀ náà kò sì wá.
Láràárọ̀, Pechiammal a fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya ọnà sí ẹnu ọ̀nà,
ohun tí opó kì í ṣe.
Ogójì ọdún ló fi yà á.
Àwọn èèrà a jẹ ẹ́ tán kí oòrùn tó gbóná.
Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Nígbà tèmi, Kuwait ni.
Mo mọ ẹni tí owó ọmọ rẹ̀ ń wọlé,
mo mọ ẹni tó ń purọ́ pé ó ń wọlé.
N ó lu agogo kẹ̀kẹ́ mi níwájú ilé onítọ̀hún,
kí àwọn aládùúgbò ṣáà gbọ́.

Ìgbọ̀nwọ́ la fi ń wọn òdòdó jásímínì lọ́jà.
Apá Chellakili kúrú, gbogbo ìlú mọ̀ pé ó kúrú,
ọ̀dọ̀ rẹ̀ la sì ń rà: òfófó ló fi ń ṣe ènì.

Ẹ ti rí igun ṣọ́ọ̀bù Meeran Rowther, tó dà bí ẹni tí wọ́n gé létí?
Bàbá bàbá rẹ̀ ló gé e fúnra rẹ̀,
torí ọdọọdún ni ọkọ̀ òrìṣà ń há síbẹ̀,
igba ọkùnrin ń fa okùn, òrìṣà jókòó sínú oòrùn.
Mùsùlùmí ni. Ó ní ẹni tó ń kọjá lọ ni, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ń kọ ọ́. Ẹ kọ èyí náà:
ọkọ̀ òrìṣà kì í yà sí àdúgbò gúúsù, níbi tí àwọn tó ń ṣe awọ ń gbé.
Lẹ́tà wọn pàápàá, abẹ́ igi ni bàbá mi ń fi í sí,
á gbé òkúta lé e.
Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn.
Isakki bu omi fún mi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo mu ún.
Oṣù méjì ni ìyá mi fi ń gbé oúnjẹ mi sí ẹ̀yìnkùlé, láìsọ̀rọ̀.
Ìlú tí mo fẹ́ràn nìyẹn. N ò ní òmíràn.

Adágún? Ó ti gbẹ. Àwọn ọmọ ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀.
Bí òjò bá rọ̀ lóṣù kọkànlá, wọ́n á fajú ro,
inú ìyá wọn á máa dùn.

Ojú ìwé yín ti kún? Ẹ jẹ́ kí n wo bí ẹ ṣe kọ orúkọ ìlú.
Rárá. Ẹ pa á rẹ́.
Bí Òyìnbó yẹn gan-an lẹ ṣe kọ ọ́.